Ilé Tí Mọ́tò Ń Fà: Àlàyé fún Òbí Tí Ọmọ Rẹ̀ ní Amẹ́ríkà Fẹ́ Ra Àkọ́kọ́

Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wá sí ọ́fíìsì lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ ra tírélà, wọ́n sì ní kí òbí bá àwọn dá sí owó rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá tó ń ta aṣọ, ti fi ìbínú dá ọmọ rẹ̀ lóhùn pé òun ò rán an lọ sí òkè òkun kó lọ máa fi tírélà kó sìmẹ́ǹtì. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n la ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo wa, torí ó dá mi lójú pé àwọn méjì yìí kọ́ ló máa gbọ́ ọ mọ.

Tírélà tí àwọn ọmọ ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tó ń dí ọ̀nà Ṣágámù. Ilé kékeré kan ni, tó ní táyà méjì tàbí mẹ́rin lábẹ́, tí kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Mọ́tò tí ìdílé ń gùn lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń fi irin ìkọ́ so ó mọ́ nídìí, tí mọ́tò náà yóò sì máa fà á lọ. Inú rẹ̀ ni ibùsùn wà, àti sítóòfù gáàsì, fíríìjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ibi ìwẹ̀ tí àgbàlagbà tó bá sanra kò ní lè yí padà nínú rẹ̀. Àgbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń kan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, bàbá, ìyá àti ọmọ á kó sí mọ́tò, wọ́n á fà á lọ sí ọgbà ìjọba létí odò tàbí nínú igbó, wọ́n á sanwó ààyè, wọ́n á sì sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹni tó bí ọmọ mẹ́ta tẹ̀léra, tí yóò san owó yàrá méjì ní òtẹ́ẹ̀lì, tí yóò tún máa ra oúnjẹ níta lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kò jayé àbọ̀dé bó bá ní òun fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rà á ló ń bà mí lẹ́rù.

Bí wọ́n ṣe ń rà á nìyí. Ìyàwó á wọ inú rẹ̀, á rí kíṣìnnì tó ń dán gbinrin. Àwọn ọmọ á ti gun bọ́ńkì, wọn ò ní fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ọkọ á wá bèèrè bóyá mọ́tò òun lè fà á. Ẹni tó ń tà á á ní, “Kò sí wàhálà, ó máa fà á.” Irọ́ kọ́ ló pa. Mọ́tò náà máa fà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò gbọ́dọ̀ lè dá a dúró bó bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ó sì gbọ́dọ̀ lè gbé ohun tó bá tẹ̀ ẹ́ nídìí. Ìyẹn ni mo fi ní mọ́tò ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó wọ inú ilé kankan rárá, pàápàá kí wọ́n tó kó ọmọ wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọlanke ṣe àlàyé, torí gbogbo wa tó ń ná ọjà Bódìjà la mọ̀ ọ́n. Bí ẹrù ọmọlanke bá pọ̀ sẹ́yìn táyà, ọwọ́ rẹ̀ á gbéra, á fẹ́ gbé ẹni tó mú un sókè. Bó bá pọ̀ síwájú jù, á máa tẹ onítọ̀hún mọ́lẹ̀, kò ní lè gbẹ́sẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n bá di ẹrù rẹ̀ bó ṣe yẹ, díẹ̀ ló ń tẹ ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ilé yìí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sọ pé nínú gbogbo ìwúwo ilé náà tòun ti ẹrù inú rẹ̀, nǹkan bíi 10 sí 15 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ tẹ orí ìkọ́ mọ́tò. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì lórí eré, á sì lè wọ́ mọ́tò tọmọ-tọmọ sínú kòtò. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí mọ́tò á wọlẹ̀, iwájú á fúyẹ́, sítíárìn ò ní gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu mọ́.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń wọn nǹkan ní Amẹ́ríkà. Àpò sìmẹ́ǹtì wa kan, kílò 50, jẹ́ pọ́n-ùn 110. Ká ní ilé náà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ wọn pọ́n-ùn 6,000, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì 54 ó lé díẹ̀. Ká mú 12 nínú 100, pọ́n-ùn 720 ló máa jókòó sí ìdí mọ́tò. Ó ju àpò mẹ́fà lọ. Ní ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ mọ́tò wọn lọ́hùn-ún, ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tó sọ iye tí èrò àti ẹrù inú mọ́tò náà kò gbọdọ̀ kọjá. Ká ní 1,400 ló wà níbẹ̀. Bàbá wọn 180, ìyá 160, àwọn ọmọ mẹ́ta 60, 50 àti 30. Ìyẹn 480. Síítì ọmọdé mẹ́ta, ká fún un ní 50. Irin ìkọ́ fúnra rẹ̀, 80. Ẹ fi 720 tí ilé fi tẹ mọ́tò kún un, ó di 1,330. Pọ́n-ùn 70 péré ló kù fún kúlà, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ àti àpò aṣọ gbogbo ilé. Bí ìyá àgbà tó ti Ìbàdàn wá ṣe ọlọ́jọ̀jọ̀ ọmọ bá ní òun náà fẹ́ bá wọn lọ, mọ́tò ti gbé ju agbára rẹ̀ lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, mọ́tò kan náà lè wà nínú ìwé ìpolówó pé ó lè fa 7,000 tàbí 8,000. Ìpolówó kì í fi ọmọ mẹ́ta àti kẹ̀kẹ́ wọn ṣírò.

Ẹ̀tàn kékeré kan tún wà lára ilé náà. Ìwúwo tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà síta ni ti ìgbà tó ṣófo: kò sí omi, kò sí aṣọ ibùsùn, kò sí ìkòkò, kò sí gaàrí. Gálọ́ọ̀nù omi Amẹ́ríkà kan ju pọ́n-ùn 8 lọ. Bí wọ́n bá rọ omi gálọ́ọ̀nù 40 sínú táǹkì, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta ni wọ́n fi kún un yẹn. Iye tó yẹ kí wọ́n fi ṣírò ni èyí tí wọ́n kọ GVWR sí níwájú rẹ̀ lára páálí tó wà lára ilé náà níta. Ìyẹn ni ibi tí ìwúwo ilé náà pẹ̀lú ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá láé. Kí wọ́n sì bèèrè bóyá mọ́tò wọn ní ẹ̀rọ kékeré tí awakọ̀ fi ń pàṣẹ fún bíréèkì ilé tó wà lẹ́yìn. Ilé tó wúwo ní bíréèkì tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀rọ yìí nínú mọ́tò, bíi ẹni pé kò ní in ni.

Ó ku ti àwọn ọmọ gan-an. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò ni pé bí mọ́tò bá ti ń lọ, àwọn ọmọ á máa sùn nínú ilé lẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn wọ lọ́sọ́ọ̀rì lọ sí Kánò. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni wà nínú irú ilé yìí nígbà tí mọ́tò bá ń fà á. Ibi tí òfin bá tiẹ̀ gbà á, kò sí síítì ọmọdé níbẹ̀, kò sí bẹ́líìtì tó ṣeé gbára lé. Inú mọ́tò ni gbogbo ọmọ máa wà, kálukú nínú síítì tirẹ̀. Torí náà, bí síítì mẹ́ta kò bá lè tò sínú mọ́tò náà, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀.

Ní ti ibùsùn, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá èyí tí àwọn ọmọ ní bọ́ńkì tiwọn, bíi ti àwọn ọmọ bọ́dìn-ìn. Àwọn ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé tábìlì ìjẹun ni wọ́n máa ń sọ di bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́. Ó dára fún tọkọtaya tí kò tíì bímọ. Ọmọ ọdún méjì á ti sùn ní aago méje, bàbá àti ìyá ò ní ríbi jókòó mọ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú òkùnkùn nínú ilé tí wọ́n fowó ara wọn rà. Àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà sì kìlọ̀ pé kí ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 6 má sùn sí bọ́ńkì òkè. Ìsàlẹ̀ ni tiwọn. Àwọn ilé kan tún ní ògiri tó máa ń yọ jáde bí àpótí dúrọ́ọ̀ bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, kí inú lè gbòòrò. Kí wọ́n ní kí ọlọ́jà tì í wọlé kí àwọn tó sanwó, kí wọ́n sì wò ó bóyá wọ́n ṣì lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tí ọmọ ọdún mẹ́ta ti sọ fún rí lójú títì pé òun fẹ́ tọ̀ mọ ìdí tí mo fi ń sọ èyí.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fojú kéré afẹ́fẹ́ inú ilé náà, torí ilé kékeré tó ní gáàsì ni. Ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá wà, èyí tó ń ké bí gáàsì bá ń jò, àti ti èéfín olóró tí kò ní òórùn, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń gbó. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe wọ́n wà lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005, ìjọba Amẹ́ríkà kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé tí omi ti lé kúrò nílé sínú irú ilé báyìí. Kò pẹ́ tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n, tí àwọn mìíràn ń wúkọ́. Kẹ́míkà kan, formaldehyde, tó wà nínú àtè tí wọ́n fi lẹ pákó pẹlẹbẹ ara ògiri, ló ń tú sínú afẹ́fẹ́. Èsì àyẹ̀wò ilé 519 tí àjọ ìlera wọn, CDC, gbé jáde ní 2008 fi hàn pé ó ju ti ilé gidi lọ fíìfíì. Òfin tó le jáde lórí irú pákó bẹ́ẹ̀ ní 2010. Síbẹ̀, èyí tí òórùn rẹ̀ bá ń ta ojú èèyàn, kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ọmọ tó sùn níbẹ̀, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Tó bá jẹ́ àlòkù ni wọ́n fẹ́ rà, omi ni ọ̀tá. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Texas ra ọ̀kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Oṣù kejì ni ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ wọ inú pákó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òjò ti ń jò sínú ògiri ilé náà láti ọdún mélòó kan, pákó abẹ́ ti di bí ẹ̀kọ tútù. Owó tó fi tún un ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tó rà á. Kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo igun ògiri àti abẹ́ fèrèsé, kí wọ́n tẹ gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń jó, kí wọ́n gun orí òrùlé rẹ̀, kí wọ́n sì fi imú wá òórùn ìgbóná-ọ̀rinrin. Táyà náà: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára àkọlé DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Táyà ilé yìí máa ń dúró sójú kan pẹ́, oòrùn á jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á ṣì máa dán. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, kí wọ́n yọ owó táyà tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n fẹ́ san.

Owó ló kù. Báńkì àti ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ tí wọ́n ń pè ní credit union, tí í ṣe ìbátan tiwa gan-an, torí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín, máa ń yáni lówó ra ilé yìí, wọ́n sì lè nà án dé ọdún 10 tàbí 15. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Ilé orí ilẹ̀ lè gbówó lórí. Ilé orí táyà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọdún karùn-ún ni gbèsè tó kù á ju iye tí ilé náà tó lọ. Owó ìdánilójú wà lórí rẹ̀, owó ìkọ́ àti bíréèkì wà, owó ibi tí wọ́n máa gbé e sí náà sì wà, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀sítéètì tí àwọn ọmọ wa ń gbé ní Houston kò fẹ́ rí i níwájú ilé. Bí ẹ bá bi èmi, mo máa ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ háyà ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta, kó rí i bóyá òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣì ń bára wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Owó tí òbí bá sì yá nínú ẹgbẹ́ láti fi kún ọjà, kó fi kún ọjà.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti fi fọ́tò ilé ránṣẹ́, kó ní kó fi fọ́tò ìwé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, àti ti páálí tó wà lára ilé náà, kó sì kọ iye tí kálukú nínú ìdílé wọn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn aago méjì. Ẹ̀rọ ìṣirò wà níbẹ̀, a ó jọ rò ó pọ̀.