Ọ́gáànù Inú Kọ̀ǹpútà: Èwo Ni Irọ́, Èwo Ni Òótọ́?

Bí ìgbìmọ̀ ìjọ kan ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ dùùrù tuntun, ìpàdé náà kì í tètè tú. Àwọn àgbà á ní ọ́gáànù onífèrè, irú èyí tó wà ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina l'Ékòó, ló yẹ ilé Ọlọ́run. Akápò á ní owó dà. Ọ̀dọ́ kan nínú kúáyà á wá ní ètò kan wà tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà, tí kíbọ́ọ̀dù lásán á fi máa dún bí ọ́gáànù ìlú Òyìnbó. Ibẹ̀ ni àròsọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á bẹnu àtẹ́ lu ètò náà láìgbọ́ ọ rí. Àwọn mìíràn á máa pọ́n ọn lé bí ẹni pé yóò sọ ẹni tí kò mọ dùùrù di ọ̀gá dùùrù mọ́jú. Irọ́ mẹ́fà tó wọ́pọ̀ jù nìyí, pẹ̀lú òótọ́ tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

IRỌ́: Ariwo ẹ̀rọ lásán ni, kò sí fèrè kankan nídìí rẹ̀.

ÒÓTỌ́: Ẹni tó bá ti dúró nílé àgbẹ̀dẹ rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ ọ́gáànù onífèrè. Bí ẹwìrì ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn síná, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ́gáànù ń fẹ́ ẹ sínú àpótí kan tí fèrè tò sí lórí. Kíì tí a bá tẹ̀ á ṣílẹ̀kùn fún fèrè tirẹ̀. Sítọ́ọ̀pù ni ọ̀wọ́ fèrè tí ohùn wọn jọra; èyí tó bá bá kíì 61 rìn, fèrè 61 ló ní. Nínú sítọ́ọ̀pù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́jọ, fèrè tó gùn jù ga ju ènìyàn lọ, èyí tó kéré jù kò sì ju ìka ọwọ́ lọ.

Àwọn tó ń pèsè ohùn fún ètò bíi Hauptwerk àti GrandOrgue máa ń gbé máíkì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ọ́gáànù gidi wà, lóru lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí ọkọ̀ kò bá pariwo nígboro mọ́. Wọ́n á tẹ kíì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì gba ohùn fèrè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: bó ṣe lanu, bó ṣe ń dún lọ, àti bí ohùn náà ṣe ń rọlẹ̀ lára ògiri lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò. Nígbà tí ẹ bá tẹ kíì ní Oǹdó, fèrè kan tó dún ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Yúróòpù lẹ ń gbọ́.

Ọ̀nà kejì wà. Aeolus tí Fons Adriaensen kọ, àti Organteq ti iléeṣẹ́ Modartt ní ilẹ̀ Faransé, kì í lo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ rárá. Ìṣirò ni wọ́n fi ń dá ohùn. Aeolus ń to ìró kéékèèké lé ara wọn títí wọ́n á fi jọ ohùn fèrè. Organteq ń ṣírò ohun tí atẹ́gùn ń ṣe nínú fèrè. Ẹni tó ní kò sí fèrè nídìí rẹ̀ sọ òótọ́ nípa ọ̀nà kejì yìí, ṣùgbọ́n ó purọ́ mọ́ ti àkọ́kọ́.

IRỌ́: Owó rẹ̀ kọjá ti ìjọ wa, àfi ká wá ayédèrú rẹ̀.

ÒÓTỌ́: Hauptwerk, tí Martin Dyde bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì wà lọ́wọ́ Milan Digital Audio ní Amẹ́ríkà báyìí, owó ni wọ́n ń tà á. GrandOrgue kò gba kọ́bọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ohùn ọ́gáànù náà wà lọ́fẹ̀ẹ́: Piotr Grabowski ní Poland ti fi ọ̀pọ̀ tó gbà sílẹ̀ fún aráyé láìgba owó. Kò sí ìdí tí ìjọ kan fi yẹ kó máa gba ayédèrú tí wọ́n ń há kiri lórí fíláàṣì, tí fáírọ́ọ̀sì á tún bá a wọlé. Dátà tí ẹ máa fi fà á wálẹ̀ ni ẹ máa náwó sí, nítorí fáìlì wọn máa ń tóbi.

Kíbọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ kúáyà ti ní, kíì 61 ló ní, iye kan náà tí ìlà kíì kan nínú ọ̀pọ̀ ọ́gáànù ńlá ní. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ihò USB onígun mẹ́rin bá wà níbẹ̀, irú èyí tó wà lẹ́yìn príńtà, wáyà príńtà yẹn gan-an lẹ máa fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ yí ohùn kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá kí ohùn méjì má baà dàpọ̀. Ẹ ṣí GrandOrgue, ẹ sọ fún un pé kíbọ́ọ̀dù yìí ló dúró fún ìlà kíì àkọ́kọ́, ẹ fi máòsì tẹ sítọ́ọ̀pù Principal 8 lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó wá fọwọ́ kan kíì. Bí kò bá dún, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìlà kíì yẹn ni ẹ gbàgbé láti yàn.

IRỌ́: Láptọ́ọ̀pù èyíkéyìí ti tó, sípíkà tí a fi ń ṣe ìfilọ̀ náà ti tó.

ÒÓTỌ́: Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ètò lè jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò gbé e kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà, ná. Ohùn tí wọ́n gbà fún etí ọ̀tún àti etí òsì, ní 24-bit àti 48 kHz, ń gba báìtì 288,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohùn fèrè kọ̀ọ̀kan kò bá ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ, fèrè 61 ti sítọ́ọ̀pù kan á gba nǹkan bíi mílíọ̀nù báìtì 105. Ogún sítọ́ọ̀pù ti kọjá gígábáìtì méjì, inú RAM ni ètò náà sì máa ń kó wọn sí kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB á gbé ọ́gáànù kékeré; èyí tó ní 16 GB á gbé èyí tó tóbi dáadáa. Ọ̀nà ìṣirò ti Aeolus kò ní ẹrù yìí, nítorí kò sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí yóò kó.

Èkejì ni ìfàsẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà máa ń kó ohùn jọ díẹ̀ kó tó tú u sí sípíkà. Bó bá ń kó ègé ohùn 4,096 jọ lẹ́ẹ̀kan ní 48 kHz, ohùn á fi ìdá 85 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ lẹ́yìn ìka. Atẹdùùrù á ti kúrò níbẹ̀, ohùn á ṣì máa wọ́ bọ̀, gbogbo kúáyà á sì máa falẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 512, ìdá 11 ni, ìyẹn kò tó àkókò tí ohùn fi ń rin mítà mẹ́rin nínú afẹ́fẹ́. Etí kì í ka ìyẹn sí.

Ẹ̀kẹta ni sípíkà. Fèrè ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 16 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá gùn tó nǹkan bíi mítà márùn-ún, nǹkan bí ìgbà 33 péré ló sì ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà ẹlẹ́nu gbàgà tí wọ́n so mọ́ ògiri fún ìfilọ̀ kò lè gbé e; wúfà ńlá ló ń gbé e. Àwọn fáìlì kan sì wà tí gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti gbà wọ́n ti wà nínú ohùn náà. Lórí íápíìsì nínú yàrá, adùn ni. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì onísìmẹ́ǹtì olórùlé páànù, gbohùngbohùn ilé òkèèrè á wọ inú ti ilé wa, ọ̀rọ̀ orin kò sì ní yé ẹnikẹ́ni mọ́. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ nítòsí ẹnu fèrè ni kí ẹ wá.

IRỌ́: Bí a bá lè ra onífèrè gidi, wàhálà ti parí.

ÒÓTỌ́: Ooru àti ọyẹ́ kì í jẹ́ kí fèrè sinmi. Ohùn ń yára sí i nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná, ohùn fèrè á sì gòkè. Bí òwúrọ̀ ọyẹ́ bá jẹ́ 20 ní ìwọ̀n Celsius, tí ọ̀sán wá di 30, ohùn A tó wà ní 440 Hz lówùúrọ̀ á ti gun 447 Hz kí ìsìn tó parí. Àwọn fèrè tó ní ahọ́n onírin kì í bá wọn gòkè tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà apá kan ọ́gáànù á máa bá apá kejì jà. Igi inú rẹ̀ á súnkì lọ́yẹ́, á wú lójò, atẹ́gùn á sì máa jò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ́gáànù inú kọ̀ǹpútà ò mọ ọyẹ́ yàtọ̀ sí òjò. Bí ẹ ṣe fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ máa bá a.

Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń jẹ iná. Mọ́tò ló ń fẹ́ atẹ́gùn ọ́gáànù onífèrè òde òní. Bí iná bá lọ, á dákẹ́. Bí iná bá dé, á dìde lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì á tún ní láti kó gbogbo ohùn rẹ̀ padà sí RAM, ìjọ á sì ti kọ ẹsẹ orin méjì kó tó ṣetán. Ìjọ tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ínfátà.

IRỌ́: Àlejò ni ọ́gáànù lọ́dọ̀ wa, kò bá orin Yorùbá mu.

ÒÓTỌ́: Ilé Oǹdó ni ìtàn ọ́gáànù Nàìjíríà gbà kọjá. Ní 1877 ni Charles Phillips dé Oǹdó gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nnárì CMS. Òun àti Samuel Johnson wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sójú ogun Kírìjí ní 1886, wọ́n sì fi Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ọmọ rẹ̀ ni Thomas King Ekundayo Phillips, tí wọ́n bí ní 1884, ẹni tí wọ́n ń pè ní baba orin ìjọ ní Nàìjíríà. Ekundayo lọ kọ́ṣẹ́ ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1911, ó di ọgánísìtì ní Marina ní 1914, kò sì kúrò nídìí iṣẹ́ náà títí di 1962. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ohun tó ń jà fún ni pé kí ohùn orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, kí àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ má máa yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ po lẹ́nu ìjọ.

Ọmọ kúáyà rẹ̀ ni Fela Sowande, tó gba oyè FRCO ti àwọn ọgánísìtì ní 1943, tó sì fi orin ìsìn Yorùbá ṣe iṣẹ́ fún ọ́gáànù: Ọyígíyigì, K'á Múra, Ọbáńgíjì. Sowande yìí kan náà ló jókòó sídìí Hammond nílé ìgbafẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ oníná tí kò ní fèrè kan ṣoṣo nínú. Ọwọ́ tó tẹ Hammond lóru náà ló ń tẹ onífèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ń ba ọ́gáànù jẹ́, kó lọ bi Sowande. Oǹdó ti ní dáyósíìsì láti 1952, Àkúrẹ́ láti 1983. Iṣẹ́ tí àwọn àgbà wọ̀nyí fi sílẹ̀ tọ́ sí kàtídírà St. Stephen ní Oǹdó àti ti St. David ní Àkúrẹ́ bó ṣe tọ́ sí Marina.

IRỌ́: Bí kọ̀ǹpútà bá ti dé, a ò nílò ọgánísìtì mọ́.

ÒÓTỌ́: Kọ̀ǹpútà kò mọ orin kankan. Èdè MIDI, tó jáde ní 1983, ló ń sọ fún un pé ọwọ́ kan kíì báyìí, ọwọ́ kúrò níbẹ̀ báyìí. Ìyókù dọwọ́ ẹni tó jókòó. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa tẹ kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú pẹ́dà tó ń fa ohùn gùn yóò kọsẹ̀, nítorí kò sí irú pẹ́dà bẹ́ẹ̀ lára ọ́gáànù. Ìka tó bá gbéra, ohùn ti gé nìyẹn. Bó ṣe wù kí ọwọ́ le tó, fèrè kò ní dún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíì 30 tàbí 32 tún wà nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀, ọ̀pọ̀ atẹdùùrù wa ni kò sì fẹsẹ̀ kàn án rí. Èyí ni ètò yìí fi wúlò jù: akẹ́kọ̀ọ́ lè fi íápíìsì kọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀ ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Òkè-Alúkò ní Oǹdó láìdí aládùúgbò létí, kó sì mọ bí ọ́gáànù gidi ṣe ń dáhùn kó tó dé ìdí ọ̀kan. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wà ní Yunifásítì Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó. Kò yẹ kí ọmọ wa rin jìnnà kó tó rí olùkọ́.

Ìdájọ́ wa ni pé ọ́gáànù inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìrẹ́jẹ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ to ìnáwó yín báyìí: ẹ kọ́kọ́ rán ọmọ kúáyà lọ kọ́ dùùrù, ẹ fi GrandOrgue sórí kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ kó máa fi dánra wò, ẹ wá ra sípíkà àti ínfátà tó dára lẹ́yìn náà. Bí owó bá wá pọ̀ tó ti onífèrè lọ́jọ́ iwájú, ọwọ́ tó máa tẹ̀ ẹ́ á ti wà nílé.