Fáníìṣì Tí Kò Tíì Gan

Pinball ni àpótí gíga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi díńgí bò lójú, tí bọ́ọ̀lù irin ń sáré kiri nínú rẹ̀, tí ẹni tó ń ṣeré sì ń tẹ bọ́tìnì láti gbá a padà sókè. Chicago ni orírun iṣẹ́ yìí. Nígbà tí iléeṣẹ́ Williams jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 1999, iléeṣẹ́ Stern nìkan ló ń ṣe é lọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà títí iléeṣẹ́ Jersey Jack fi dìde ní 2011. Ọjà ti tún gbóná báyìí: ẹ̀rọ tuntun ń gba nǹkan bíi dọ́là 7,000, àwọn mìíràn ju 12,000 lọ. Síbẹ̀, láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá, àròyé àwọn tó ń rà á kò dáwọ́ dúró: ojú pákó ìṣeré, tí bọ́ọ̀lù ń sáré lórí rẹ̀, ń bó nígbà tí ẹ̀rọ ṣì jẹ́ tuntun.

Ọ̀pọ̀ ń dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́bi. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àkókò ni mo rò pé àwọn iléeṣẹ́ ń ṣahun rẹ̀. Pílíwúùdù ni pákó náà. Wọ́n á gbẹ́ ihò sí i, wọ́n á ki ike aláwọ̀ tí iná ń tàn gbà bọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ àwòrán sí i, kí wọ́n tó da fáníìṣì líle bò ó. Fáníìṣì yìí a máa tètè gbẹ lójú, àmọ́ inú rẹ̀ kì í tètè gan, bíi ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó ṣeé tẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì ṣeé gbé ẹrù lé. Bí wọ́n bá fi síkúrù de àwọn òpó kéékèèké mọ́ ọn nígbà náà, ìdí òpó á tẹ̀ ẹ́ rì, fáníìṣì á sì ṣù jọ yí òpó náà ká. Bọ́ọ̀lù tó wúwo tó gíráàmù 80 á wá máa kọlu òpó náà léraléra títí fáníìṣì yóò fi sán, tí yóò sì ṣí tàwòrán-tàwòrán.

Àwọn kan ní pákó ẹ̀rọ àtijọ́ náà ń họ. Òótọ́ ni, àmọ́ lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré ni, nígbà tí owó ẹyọ tí wọ́n ń jù sínú rẹ̀ ti san gbèsè rẹ̀. (Ní ti kòtò wẹ́wẹ́ tí bọ́ọ̀lù ń dá sára pákó, n kò bá ẹnikẹ́ni ráhùn: irin ni irin, igi ni igi.) Àwọn mìíràn ní ohun tó ní ẹ̀yà tó ju 3,000 lọ, tí wọ́n fi ọwọ́ tò, kò lè ṣàì ní àléébù. Ṣùgbọ́n wáyà tó já ṣeé so pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ti pákó kò rí bẹ́ẹ̀: ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan yòókù so mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Bí iléeṣẹ́ bá tilẹ̀ fi pákó mìíràn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀hún?

Ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń fi wáṣà sábẹ́ òpó fúnra wọn kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ fáníìṣì tó rọ̀ kò tìtorí wáṣà gan. Kí pákó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí pẹpẹ ló kù, owó sì ni pẹpẹ tó kún fún pákó. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn èèyàn bá ṣì ń sanwó ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹyọ kan ṣoṣo tó kúrò níléeṣẹ́, ọ̀gá tó bá fẹ́ dúró ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe fún oníṣirò owó rẹ̀.