ỌKỌ̀ Ò MỌ ỌMỌDÉ O! Ẹ̀yin ìyá Ìkirè àti Àpòmù, ẹ gbọ́ ná

Ta ló máa gba Ìkirè kọjá tí kò ní í rí wọn? Bí ọkọ̀ bá ti dúró díẹ̀ lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, àwọn ọlọ́jà á ti sáré dé ẹnu fèrèsé: "Dódò Ìkirè rè é o!" Ní Àpòmù tó múlé tì í, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀. Àwọn mìíràn nínú àwọn tó ń sáré yìí, ọmọ kékeré tí ìyá wọn rán níṣẹ́ ni.

Ìyá á ní, "Wo ọ̀tún, wo òsì, kó o tó sọdá." Ọmọ á wò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wíwò nìkan ò tó.

Ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ bí ọmọdé ṣe ń sọdá. Wọn ò jẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ dán títì gidi wò. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi gbé àwòrán títì yí ọmọ ká nínú yàrá, tí àwòrán ọkọ̀ ń sáré kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bí ọkọ̀ yẹn bá gbá èèyàn, kò lè pa á lára.

Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2017 bani lẹ́rù. Bí ọmọ ọdún 6 bá sọdá nígbà 100, ìgbà 8 ni ọkọ̀ gbá wọn. Ti ọmọ ọdún 8 jẹ́ 6, ti ọmọ ọdún 10 jẹ́ 5, ti ọmọ ọdún 12 jẹ́ 2. Àwọn ọmọ ọdún 14 ló tó sọdá bí àgbà. Ọkọ̀ ò gbá ìkankan nínú wọn.

Kí ló fà á? Bí ọkọ̀ iwájú bá ṣe ń kọjá lọ ni àgbà ti ń gbẹ́sẹ̀. Ọmọdé á ṣì dúró díẹ̀ kó tó gbéra. Ìdúró díẹ̀ yẹn ni ewu wà! Bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 40 ní wákàtí kan péré ni ọkọ̀ inú àwòrán yẹn ń sá. Èyí tó bá ń sá 100 á ti jẹ nǹkan bíi mítà 28 kí èèyàn tó pe "ení" tán.

Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú títì Ifẹ̀ yìí, ọgbọ́n ọmọdé ò tíì tó o.

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá rí ọmọ létí títì, ẹ tẹ bíréèkì. Ó lè rí yín, kó má mọ ìgbà tí ẹ máa dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹ̀yin ìyá, ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú sọdá, ẹ má rán an sáàárín ọkọ̀. Èrè dódò mélòó ló tó ra ọmọ?