Ẹja Àrọ̀ Yín Ń Ṣàìsàn? Ẹ Kọ́kọ́ Wo Omi Kí Ẹ Tó Ra Oògùn

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ń sin àrọ̀ nínú ilé, yálà nínú àgbá ọlọ́rá, táǹkì kọ́ńkéré ẹ̀yìnkùlé, tàbí tapólì tí ẹ fi igi ṣe férémù rẹ̀.

Ẹ jí láàárọ̀, ẹ gbé oúnjẹ lọ bá wọn, wọn ò wá jẹun. Àwọn kan dúró lóòró, orí wọn wà lókè omi, ìrù wọn wà nísàlẹ̀. Méjì ti kú, wọ́n léfòó. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé ká sáré gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.

Ọdún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní Minna, ilé bàbá kan, ọmọ Ọ̀fà, ni mo gbé. Baba ní tapólì kan lẹ́yìn ilé, ẹja bí 300 ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni, iná ìjọba kò dúró, pọ́ńpù kò rí iná fa omi, baba sì lo ọjọ́ mẹ́rin láìpààrọ̀ omi. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ẹran ọ̀sìn ta kápúsù fún wọn, ó ní kí wọ́n tú u sínú omi, kí wọ́n má sì pààrọ̀ omi náà kí oògùn má baà ṣòfò. Owó oògùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àpò oúnjẹ kan. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹja 41 ló léfòó.

Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àgbẹ̀ ni mo kà, èmi kì í ṣe dókítà ẹja, ṣùgbọ́n mo lè ṣírò. Èmi àti baba jókòó ti ìwé tí wọ́n ń kọ oúnjẹ sí. Kílò méjì ni wọ́n ń fún wọn lójúmọ́. Ìṣirò tí a ṣe lọ́jọ́ náà rèé, ẹ̀yin náà lè ṣe é fún táǹkì tiyín: bí ẹ bá fún ẹja ní oúnjẹ kílò kan, irú èyí tí purotéènì rẹ̀ tó 42 nínú 100, amóníà tó máa bọ́ sínú omi láti inú rẹ̀ á tó nǹkan bíi gíráàmù 30. Amóníà yìí náà ni òórùn tó máa ń ta wá nímú nílé adìyẹ tí a kò kó ìgbẹ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja nìkan kọ́ ló ń ti wá. Ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà jáde, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń tọ̀. Kílò méjì lọ́nà ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ kílò mẹ́jọ. Gíráàmù 240 amóníà nìyẹn, nínú omi tí kò lọ sí ibì kankan. Nínú odò, omi á gbé e lọ. Nínú tapólì, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìtọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń mí in símú.

Ohun mìíràn ni pé àrọ̀ máa ń tan wá jẹ. Ó ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó ń jẹ́ kó lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i tó ń yọjú gba afẹ́fẹ́ tó sì ń padà sísàlẹ̀. Ẹja wúrà tí àwọn ọmọ ń sìn nínú dígí ní pálọ̀ kò ní irú ẹ̀yà ara yẹn, torí náà kì í pẹ́ fi hàn pé omi ti bàjẹ́. Àrọ̀ á máa fara dà á ní tirẹ̀, á ṣì máa jẹun, nígbà tí ẹ bá fi máa rí i pé kò jẹun mọ́, ọ̀rọ̀ ti jìnnà. Nítorí náà, ẹ má sọ pé “ẹja mi le, kò sí ohun tó ń ṣe omi.”

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá omi ni àbí àìsàn? Ẹ kíyè sí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá dáwọ́ oúnjẹ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ pé ẹja kan tàbí méjì ló kọ́kọ́ ní egbò, tàbí tí lẹbẹ wọn ń jẹrà, tó sì ń ran àwọn yòókù díẹ̀díẹ̀, kòkòrò àìsàn lè wà níbẹ̀. Ẹ bu omi sí ife funfun, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí apá yín bá ká a, ẹ ra ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ amóníà inú omi wò. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa rà á, ẹ ó sì lò ó fún ìgbà púpọ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹ ní i ṣáájú àpò oúnjẹ kejì. Ẹ tún lè la ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá pupa, tó dà bí omi kọfí, náítíráìtì ló pọ̀ nínú omi. Inú amóníà kan náà ni náítíráìtì ti ń wá, nígbà tí àwọn kòkòrò inú omi bá ti yí i padà dé ìdajì ọ̀nà.

Ó yá, ohun tí ẹ máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ dá oúnjẹ dúró pátápátá fún ọjọ́ kan sí méjì. Ebi ọjọ́ méjì kò lè pa àrọ̀, oúnjẹ tó ń jẹrà nísàlẹ̀ omi ló lè pa á. Ẹ kó gbogbo òkú ẹja jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fa omi kúrò láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìdọ̀tí wà, kí ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ wá fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má tú gbogbo omi dà lẹ́ẹ̀kan, nítorí ìyípadà òjijì máa ń da ẹja láàmú, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí omi tuntun tutù ju èyí tó wà nínú táǹkì lọ.

Omi wo lẹ máa lò? Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, kóláríìnì inú rẹ̀ léwu fún ẹja. Ẹ bu ú sínú àgbá tí kò ní ìdérí, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú kí ẹ tó lò ó. Bó bá jẹ́ ti bohòólù, ẹ jẹ́ kó máa já láti òkè bọ́ sínú táǹkì bí òjò, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Iyọ̀ ló kàn. Iyọ̀ ìdáná lásán ni mò ń sọ, èyí tí wọn kò fi amọ́bẹ̀dùn kankan sí. Kì í yọ amóníà, ṣùgbọ́n ó ń dí náítíráìtì lọ́wọ́ kó má wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, ó sì ń dín ìnira ẹja kù. Ẹ ní láti mọ iye omi yín kọ́kọ́. Ẹ tẹ èyí sórí fóònù yín: gígùn × fífẹ̀ × jíjìn omi, gbogbo rẹ̀ ní mítà, × 1,000. Tapólì baba jẹ́ mítà 3 ní gígùn, mítà 2 ní fífẹ̀, omi rẹ̀ sì jìn tó 0.8, tó túmọ̀ sí lítà 4,800. Iyọ̀ kílò kan fún lítà 1,000 omi ló tó láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kílò 4.8 la lò. Ẹ yọ́ ọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ná, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ sì fi wákàtí díẹ̀ sáàárín wọn bí ẹ ṣe ń dà á káàkiri. Iyọ̀ kì í fẹ́ lọ pẹ̀lú oòrùn. Bí ẹ bá fa ìdá kan nínú mẹ́ta omi kúrò lọ́la, ìdá kan nínú mẹ́ta iyọ̀ nìkan lẹ máa dá padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ẹfun tàbí eérú sínú omi tí amóníà ti pọ̀ nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba ara wọn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp. Ẹfun àti eérú ń gbé pH omi ga, bí pH bá sì ti ga, amóníà kan náà tó wà níbẹ̀ á túbọ̀ lóró. Ìdí kan náà nìyẹn tí omi tó ti di àwọ̀ ewé fi máa ń pa ẹja lára jù ní ọ̀sán, nítorí pé oòrùn ń jẹ́ kí pH rẹ̀ ga.

Àwọn àìsàn kan wà tí omi nìkan kò ní wò. Bí ẹ bá rí àwọn tóótòòtó funfun bí iyọ̀ lára ẹja, tí ẹja sì ń fara ha táǹkì, kòkòrò kan ló wọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jos tàbí Kaduna, ẹ máa fura sí i nígbà òtútù. Iyọ̀ kílò 2 sí 3 fún lítà 1,000 lè pa á, ṣùgbọ́n ìgbà tí kòkòrò náà bá jáde sínú omi nìkan ni iyọ̀ ń rí i pa, kì í ṣe ìgbà tó ṣì wà lábẹ́ awọ. Torí náà ẹ máa bá a lọ fún ọjọ́ 7 sí 10, kódà bí ara ẹja bá ti mọ́. Bí orí ẹja bá ń là, oúnjẹ tó ti pẹ́ tàbí tí oòrùn ti pa lè wà lára ohun tó fà á, nítorí fítámì C inú rẹ̀ á ti bàjẹ́. Ikùn tó wú tó sì bẹ́, oúnjẹ àjẹjù ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú sí.

Bí egbò bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí omi ti dára fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ pe dókítà ẹranko. Òun ni kó sọ irú oògùn apakòkòrò tí ẹ máa lò, iye rẹ̀, àti bóyá inú oúnjẹ ló máa wà. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan kó tó lọ: ọjọ́ mélòó ló gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó lè ta ẹja náà? Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹja tí oògùn ṣì wà lára rẹ̀ kò yẹ lọ́jà, kò sì yẹ nínú ọbẹ̀ yín.

Ní ti baba, ikú dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ omi. Ẹja 67 ló bá a lọ lápapọ̀. Àṣà kan ni wọ́n yí padà lẹ́yìn ìgbà náà: ọjọ́ tí pọ́ńpù kò bá rí iná, oúnjẹ á dín kù lọ́jọ́ yẹn. Oúnjẹ tí ẹ kò bá ní omi tí ẹ máa fi kó ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, ẹ má fún wọn.

Bí ẹja yín bá ti tún ń sáré wá nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ fún wọn ní ìdá kan nínú mẹ́rin oúnjẹ àtẹ̀yìnwá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì dúró wò wọ́n. Bó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó ṣì ku sórí omi, ẹ kó o kúrò. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi kún un.