Máìkì fún Àkódíọ́nù: Èwo ni Kí A Kọ́kọ́ Rà?

Láti ìgbà tí Cyrill Demian ti gba ìwé àṣẹ lórí àkódíọ́nù ní ìlú Vienna ní ọdún 1829, ohun èlò orin yìí ti rìn jìnnà. Ní ilẹ̀ wa, olóògbé I. K. Dairo, ẹni tí ó kú ní ọdún 1996, fi í ṣe orin jùjú títí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n níbi tí gìtá oníná àti ìlù bá pé jọ sí, ohùn rẹ̀ a máa rì; olórin a fà á títí apá yóò fi máa ro ó, àwùjọ kò sì ní gbọ́. Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣe ń dá owó jọ láti ra máìkì. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó àfiṣòfò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé àkódíọ́nù kò ní ẹnu kan ṣoṣo. Ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ orin, ọwọ́ òsì ń tẹ ohùn ìsàlẹ̀. Ẹwìrì wà láàárín, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn ahọ́n irin tí ó wà ní ìhà méjèèjì. Ẹni tí ó bá gbé máìkì kan síwájú ọwọ́ ọ̀tún nìkan ti fi ìdajì orin sílẹ̀. Ìhà òsì pàápàá a máa lọ, a máa bọ̀, bí ẹwìrì ti ń ṣí tí ó sì ń pa dé.

Bí olórin bá jókòó sí ibi tí ó dákẹ́, máìkì méjì lórí ìdúró, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, yóò gbé ohùn dídùn jáde. Bí ìlù bá pọ̀, èyí tí a so mọ́ ara àkódíọ́nù ni ó dára jù, nítorí pé ó ń bá ẹwìrì rìn, àti pé bí máìkì ti súnmọ́ ohùn tó ni kì í fi í tètè han gooro. Ṣùgbọ́n bí ó bá súnmọ́ jù, yóò máa gbé ariwo bọ́tìnnì jáde. Ẹ dán an wò kí ẹ tó dè é pinpin. Àwọn kékeré wọ̀nyí sábà máa ń fẹ́ iná, fóltì 48 tàbí bátìrì. Kí ìhà kọ̀ọ̀kan ní ìdarí ohùn tirẹ̀, kí ohùn ìsàlẹ̀ má bàa bo orin mọ́lẹ̀.

Níti máìkì aláìlówáyà, kò fi adùn kan kún orin; ẹsẹ̀ olórin ni ó ń tú sílẹ̀. Àpótí kékeré kan wà ní ìbàdí tí ń ta ohùn, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà tí ń gbà á. Àpótí kan sábà máa ń gba ohùn kan. Nítorí náà a ní láti pa máìkì méjèèjì pọ̀ kí ohùn wọn tó wọ inú rẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú: láti oṣù July 2020 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti dá lílo ọ̀pọ̀ nínú irú máìkì tí ń ṣiṣẹ́ lórí ìgbì 600 MHz dúró, nítorí wọ́n ti fi ìgbì náà fún tẹlifóònù alágbèéká.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ra máìkì rere méjì pẹ̀lú wáyà, kí ẹ lò ó, kí etí yín mọ ohùn rẹ̀. Nígbà tí owó bá tún dé, kí ẹ wá mú wáyà kúrò. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.