Íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní ọ̀gá kan ṣoṣo: Ṣé yóò wúlò fún ará Ọjà'ba?

Àwọn àgbàlagbà tó gbé Ìbàdàn láyé òyìnbó kò jẹ́ gbàgbé asọ̀rọ̀mágbèsì. Lọ́dún 1939 ni wọ́n gbé e dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ni, wáyà ló so ó mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá. Bí wọ́n bá pa á lọ́hùn-ún, gbogbo ilé ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fóònù òde òní ń gbèsì ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn díẹ̀ ni ìdí wáyà ṣì wà. Lọ́jọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram, tí ilé-iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dákẹ́ káàkiri àgbáyé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló fà á. Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fòfin de Twitter, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ kọ kúrò. Ọjọ́ 13, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ lóṣù Keje ọdún náà pé ìfòfindè ọ̀hún lòdì sófin, ṣùgbọ́n ta ló máa san owó ọjà tí kò tà fún oṣù méje?

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń polongo íntánẹ́ẹ̀tì tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kan. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí ọmọ Ìbàdàn. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní mọ́gàjí tirẹ̀; mọ́gàjí ibí kì í pàṣẹ lọ́hùn-ún, síbẹ̀ wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n sì ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí Mastodon, tí Eugen Rochko bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2016, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ló gbé e dúró, oníkálukú pẹ̀lú alábòójútó àti òfin tirẹ̀. Ẹni tó wà lórí ọ̀kan lè bá ẹni tó wà lórí òmíràn sọ̀rọ̀; bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ lọ. Ímeèlì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ẹni tó ń lo Yahoo ń kọ̀wé sí ẹni tó ń lo Gmail.

Ẹ wo ẹni tó ń ta ewé àti egbò ní Ọjà'ba, tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù. Bí gbájú-ẹ̀ bá gba àkáǹtì rẹ̀, tàbí tí ilé-iṣẹ́ tì í pa, kò sí ọ́fíìsì kankan tó lè gun ọ̀kadà lọ láti bẹ̀bẹ̀. Lórí Mastodon, tí agboolé àkọ́kọ́ kò bá tíì wó, ó lè kó àwọn tó ń tẹ̀lé e lọ sí òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ti kọ sẹ́yìn kò ní bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa. Kò sẹ́ni tó ń gbé igbá ọjà lọ síbi tí èrò kò sí, WhatsApp sì ni èrò wà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ fún kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní Mápó tàbí Bẹẹrẹ, ta ni? Àwọn oníjìbìtì náà ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kówó wá kó fi bá yín pa èrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ sá fún un.

Ọ̀nà fúnra rẹ̀ tún lè já. Lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí etíkun Ivory Coast. Báńkì àti fóònù dààmú ní Nàìjíríà. Mọ́gàjí ẹgbẹ̀rún kò lè ran ìyẹn.

Fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Briar ló wù mí jù. Àwọn ọmọ wa ti mọ Xender, tí wọ́n fi ń gbé orin láti fóònù kan sí òmíràn láìná dátà. Briar ń fi Bluetooth àti Wi-Fi gbé lẹ́tà bẹ́ẹ̀, láìsí ilé-iṣẹ́ kankan láàárín. Kò lè dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ tí wáyà bá já, ṣùgbọ́n ó máa ń ti ìsọ̀ kan dé ìsọ̀ kejì.