Lẹ́yìn Kọ́nà àti Níwájú Imú: Àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́dọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ ará Kòríà

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Bí ọjọ́ ohun kan bá sún mọ́ tòsí, àwa Yorùbá máa ń sọ pé ó kù sí dẹ̀dẹ̀. Elédè Gẹ̀ẹ́sì a ní ó wà ‘just around the corner’, bí ẹni pé kọ́nà kan péré ni ó kù kí a yà kí a tó pàdé rẹ̀. Ará Kòríà ní tirẹ̀ a ní ó ti dé ‘ko-ap’: ‘ko’ ni imú, ‘ap’ sì ni iwájú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdánwò Suneung ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àṣewọ-yunifásítì yìí ní Gúúsù Kòríà, oṣù kọkànlá ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń tẹ́tí sí ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, bàlúù kì í gbéra, kì í sì í balẹ̀, kí ariwo má baà dí wọn lọ́wọ́. Bí ọjọ́ náà bá ti ń súnmọ́lé, wọn a ní ìdánwò ti dé iwájú imú.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá tú gbólóhùn yìí ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ó ní ìdánwò òun wà ‘in front of my nose’, ẹsẹ̀ yọ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó wà níwájú imú ni ohun tí ó hàn gbangba tí ènìyàn kò sì kíyè sí. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nítorí ìdánwò wá dà bí ẹni tí kò tilẹ̀ rí ìdánwò náà.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Kọ́nà a máa bo ohun mọ́lẹ̀. Ohun tí ó wà níwájú imú kò ní ibi tí yóò sá sí. Ìsúnmọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n àwòrán wọn yàtọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ṣọ́ọ̀bù lè wà ‘just around the corner’ ní ti gidi, láìsí àkànlò kankan níbẹ̀. Bí olùwà gbólóhùn náà bá jẹ́ ọjọ́ tàbí ìṣẹ̀lẹ̀, bí ọdún Kérésìmesì, nígbà náà ni ìtumọ̀ yí padà.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí olùkọ́ má ṣe fi àkànlò-èdè kún àkọsórí lásán. Kí ó kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè àwòrán tí èdè abínibí rẹ̀ ń yà, kí ó tó fi ti Gẹ̀ẹ́sì hàn án. Ẹni tí ó bá ti rí kọ́nà náà kò ní fi imú dípò rẹ̀ mọ́.